Bóòtù Tó Ní Làálì Lórí

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ẹ̀rín yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé tí Hàkímù bá ti dìde láti sọ̀rọ̀ nínú fàdá yìí, níbi tí a ti ń jókòó mu tíì, ife á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ yín, torí ejò kan tí mo bá rí lọ́jà Katako, kí n tó gbé e dé Banifandou á ti di méjìlá, gbogbo wọn á sì ti hu irùngbọ̀n. Èmi náà ni mo sọ fún yín pé mo bá erinmi jìjàkadì nínú odò lábẹ́ afárá Kennedy, tí mo gbá a létí tó sì bẹ̀ mí. Irọ́ ni. Erinmi kankan ò mọ̀ mí rí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì yìí, mi ò ní bu iyọ̀ sí i, iyọ̀ ara ẹ̀ ti ń ta mí lọ́kàn tó. Ó ti tó àkókò kó jáde. Yàqúb, gbé fóònù ẹ sórí àpótí yẹn kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Tó bá dọ̀la tí mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́ ẹnu ara mi. Láwàní tí ẹ sì kó wá láti wé fún mi, pé kí n di olórí àwa oníṣẹ́ ọwọ́ ọmọ Ìlọrin ní Niamey, ẹ ká a padà sínú láílọ̀n ẹ̀. Orí tó wà níbí kì í ṣe orí tí wọ́n ń wé láwàní sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Bàbá wa Àáfà Àbdùlsàlàm ló jókòó sábẹ́ dóńgóyárò yẹn, Bọ̀dá Rásàq ọmọ wọn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Àǹtí Zuhrah ìyàwó ẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Iwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo ti fẹ́ kó jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Niamey, iṣẹ́ wàláà ni bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ háràfù. Mi ò mọ̀wé. Ti Faransé ò wọlé, ti Lárúbáwá ò kọjá èyí tí mo fi ń kírun. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ kiri Katako pé kí omi tíì tó hó, èmi ti gbẹ́ wàláà tán, mo ti fi epo pa á, ọmọ kan ti ń kéwú lórí ẹ̀. Ká sòótọ́, odidi àárọ̀ ló ń gbà mí, ọwọ́ mi á sì ti bó. Àṣà kan wà tí ìdílé wa gbé wá láti Ìlọrin: ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan igi wàláà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá, torí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló ń bọ̀ wá gùn ún. Ẹ bá mi di àlùwàlá yẹn mú, mo ń padà bọ̀ wá sórí ẹ̀.

Bọ̀dá Rásàq yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Ibí ni wọ́n bí i sí, ó sì kàwé Faransé débi pé tó bá ń hanrun, Faransé ló fi ń hanrun. Òun ló ní òun fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ tí á máa gbẹ́gi fúnra ẹ̀, tí kọ̀ǹpútà á máa sọ ibi tí ọbẹ máa gbà fún un. CNC ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó rà á o, ó ní òun máa fọwọ́ ara òun kọ́ ọ ni. Èmi àti ẹ̀ la jọ rin Katako já tí a ń yẹ òkú ẹ̀rọ fótókópì wò. Ó ń fa móótò jáde nínú wọn bí ẹni ń fa ìfun àgbò iléyá. Irin dídán gbọọrọ tó wà nínú wọn, òun ló tò sọ́tùn-ún sósì tí ẹ̀rọ ń sáré lórí ẹ̀. Irin kan wá dábùú lókè, ó fi ẹsẹ̀ méjì tẹ ọ̀tún àti òsì, ó gbé ọbẹ dání láàárín. Afárá là ń pè é, torí bó ṣe na ara ẹ̀ bíi Kennedy. Kí ni èmi ṣe níbẹ̀? Mo gbé irin. Mo di irin mú fún wẹ́dà. Ó tán. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé fàdá, èmi ni mo ronú ẹ̀, èmi ni mo yà á sínú iyẹ̀pẹ̀, Bọ̀dá Rásàq kàn ń bá mi mú sípánà wá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dé etí ẹ̀. Ó wá bá mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hàkímù, ṣáà máa bá mi sọ fún wọn pé mo mọ sípánà mú wá dáadáa." Irú èèyàn tí mo ṣe é sí nìyẹn.

Kíkọ́ ẹ̀rọ yẹn ò le tó títò ó kó dọ́gba. Tí ẹsẹ̀ afárá kan bá ṣíwájú èkejì báyìí, bí ìbú èékánná, gbogbo ohun tó bá gbẹ́ á wọ́. Ọ̀nà tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: á gbẹ́ wàláà kan, á tún gbẹ́ ìkejì, á wá dojú ọ̀kan dé èkejì. Tí igun bá bá igun mu, ẹ̀rọ dúró ṣánṣán. Tí igun kan bá yọ síta bí etí ewúrẹ́, ẹ̀rọ ń tẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé àṣìṣe tó fara pa mọ́ sára ọ̀kan, tí o bá ti dojú ẹ̀ dé ọmọ ìyá ẹ̀, á di ìlọ́po méjì, kò tún níbi tó máa sá sí. Tó bá wá dọ́gba tán, á de gbogbo bóòtù pinpin. Kó má baà gbàgbé èyí tó ti dè, ó máa ń ti ìka bọ inú làálì Àǹtí Zuhrah, á fi fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti orí bóòtù bọ́ sára irin. Bóòtù tó bá ní làálì, ó ti dè é nìyẹn. Tí bóòtù bá yí pẹ́nrẹ́n, ìlà á já sí méjì, wàá sì rí i. Àǹtí Zuhrah á máa bínú pé ẹ̀rọ ti fẹ́ gbàyàwó lé òun lórí, pé òun ni wọ́n ń lé làálì fún tẹ́lẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín títí. Mo rẹ́rìn-ín nílé yẹn, mo jẹun nílé yẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi san án.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Yàqúb ní tó bá jẹ́ pé òótọ́ ni mo yá ju ẹ̀rọ lọ, ká gbé àwa méjèèjì síta ká wò ó. Ṣé ó ṣeé ṣe kí n ní rárá? Wọ́n gbé igi fún mi, wọ́n gbé igi fún ẹ̀rọ. Mo fàáké yọ bí ẹni ń pa kìnnìún. Nígbà tí màá fi gbẹ́ wàláà kan débi ọwọ́ ẹ̀, ẹ̀rọ ti gbẹ́ méjì, ó dákẹ́, ó ń wò mí. Wọ́n dojú méjèèjì dé ara wọn, wọ́n bára mu bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń ṣàdúà. Ni Yàqúb bá mú wàláà mi méjì tí mo ti gbẹ́ sílẹ̀, ó dojú wọn délẹ̀, igun yọ lọ́tùn-ún, igun yọ lósì. Yàqúb ní, "Hàkímù, wàláà ẹ ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó rí ìyá ìyàwó ẹ̀ lọ́nà." Ẹ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Àwọn Zarma tó ń ta pákó lójú ọ̀nà, tí wọn ò gbọ́ Yorùbá, bá yín rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ń ju apá. Inú mi lọ́hùn-ún, mo ti ń pa ẹnì kan.

Mo kọ́kọ́ fi kékeré ṣe é. Mo gé agolo tòmátò wínníwínní, mo fi há abẹ́ ẹsẹ̀ afárá. Wàláà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Bọ̀dá Rásàq tú ẹ̀rọ palẹ̀, ó tò ó padà, ó wọ́. Ó tún tú u. Èmi ni mo dúró tì í tí mo ń bá a wá ohun tó ń ṣe é, tí mo ń sọ pé, "Bọ̀dá, bóyá ilẹ̀ ló tẹ̀." Ó lọ fi omi sínú ike wo ilẹ̀. Ilẹ̀ ò tẹ̀. Èèyàn tó ń kọrin nídìí iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Ó wá ń wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n so mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ó rí agolo yẹn, ó fà á yọ, ó wò ó sókè wò ó sódò. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé ara pàǹtí Katako ló bá irin wọlé, àti pé òun ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Ẹ gbọ́ mi. Ó ní òun ló jẹ̀bi. Tí mo bá ní ojú tó ń tì mí, ibẹ̀ ni mi ò bá ti dúró.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Àáfà ní àwọn fẹ́ wá fojú ara àwọn rí ẹ̀rọ yìí lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Tí ó bá tẹ́ àwọn lọ́rùn, inú ẹ̀ ni wàláà gbogbo ilé kéwú wa á ti máa jáde. Bọ̀dá Rásàq ò fọkàn sí nǹkan míì mọ́. Ó fẹ́ kí bàbá òun rí i pé gbogbo ìwé Faransé yẹn, ó ní nǹkan tó fẹ́ bá ẹ̀sìn ṣe. Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ṣe àlùwàlá. Èmi ni mo bu omi sínú kẹ́tù fún un. Ó de bóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa làálì sí gbogbo wọn, ó ka bísímílà sórí ẹ̀rọ. Ó wá jáde lọ bá wọn kírun, ó ní kí n bá òun ṣọ́ ọ, kí n fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ lọ kírun nígbà tí òun bá ti dé. Ó ku èmi àti ẹ̀rọ.

Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, òun ló ń bà mí lẹ́rù jù tí mo bá dá wà. Mo mú kẹ́tù yẹn kan náà, mo fi omi tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ ṣe àlùwàlá. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n lára pé tí a bá fẹ́ fọwọ́ kan iṣẹ́ wàláà, omi ló kàn. Mo fọ ẹnu tí mo fi ń purọ́, mo fọ ọwọ́ tí mo fẹ́ fi ṣìkà, mo fomi pa orí, mo wá mú sípánà, mo wọ abẹ́ ẹ̀rọ, mo sì tú bóòtù ẹsẹ̀ afárá lápá òsì. Mo tú u, mi ò yọ ọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ẹsẹ̀ yẹn máa rìn, kí wàláà wọ́ lójú gbogbo ayé, kí ẹ rẹ́rìn-ín ẹ̀ bí ẹ ṣe rẹ́rìn-ín mi. Ẹ̀rín ni mo fẹ́. Ọlọ́run ló mọ̀ pé ẹ̀rín nìkan ni mo fẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ohun tí mo fẹ́ wo ojú tó fọ́?

Àáfà dé, ẹ̀yin náà dé, ṣọ́ọ̀bù kún. Awò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń wọ̀ kí ẹ̀ẹ́rún igi má baà ta síni lójú. Bọ̀dá Rásàq mú un, ó wo ibi tí mo dúró sí, ó sì fi kọ́ mi létí. Ó ní, "Ìwọ lo súnmọ́ ọbẹ jù, Hàkímù, wọ̀ ọ́." Mo wọ̀ ọ́. Ó tẹ kọ̀ǹpútà. Ọbẹ bọ́ sára igi, ó ń lọ dáadáa, Àáfà ń mi orí. Nígbà tó débi tó fẹ́ yíjú, mo gbọ́ ìró kan, bíi kí èèyàn máa rún eyín lójú oorun. Ẹsẹ̀ òsì dúró, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń lọ. Mo mọ̀. Nínú gbogbo èrò tó wà níbẹ̀, èmi nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mi ò bá sọ: "Bọ̀dá, ẹ pa á." Èmi tí mo lè fi odidi ọ̀sán sọ̀rọ̀ ejò, ẹnu mi wúwo bí òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wo ohun tó ń rún. Afárá wọ́, ọbẹ gbá irin tó di igi mú, ó ṣẹ́, èyí tó ṣẹ́ fò sókè. Kò kígbe. Ó kàn fọwọ́ bo ojú, ó ní, "Ẹ pa iná." Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka ẹ̀ jáde.

Ẹ rò pé ibi tó burú jù nìyẹn. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ibẹ̀ ni. Nígbà tí gbogbo yín gbé e sáré lọ sí ọsibítù, ẹ ò rí i pé Hàkímù ò bá yín lọ. Mo padà sábẹ́ ẹ̀rọ. Bóòtù tí mo tú yẹn, ìlà làálì orí ẹ̀ ti já sí méjì. Ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé wọ́n dè é tán ni ọwọ́ kan tó tú u. Mo yọ ọ́. Mo wá bóòtù míì tí kò ní làálì nínú agolo bóòtù, mo tì í bọ ibẹ̀ láì dè é. Mo fi èékánná ha ìdajì ìlà tó kù lára irin kúrò. Mo fi èyí tí mo yọ sápò. Nígbà tí ẹ padà dé, èmi ni mo pè yín wá síbẹ̀, èmi ni mo tan iná fóònù sí i. Mo ní, "Ẹ wò ó fúnra yín. Gbogbo ìyókù ló ní làálì. Èyí nìkan ni kò ní. Ó gbàgbé ẹ̀." Ẹ mi orí, ẹ ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni, àánú mi sì ṣe yín pé ó lè jẹ́ èmi.

Mo lọ wò ó lọ́sibítù. Wọ́n ti sọ fún un pé ojú ọ̀tún ti lọ. Kò sọ̀rọ̀ ojú fún mi. Ó ní, "Hàkímù, mo rò pé mo dè é. Ó dà bíi pé ọwọ́ mi rántí ẹ̀. Sọ fún mi, ṣé làálì wà lórí ẹ̀?" Mo ní, "Kò sí, Bọ̀dá. Ẹ ò dè é." Ẹ rí i, mi ò tiẹ̀ purọ́ nípa làálì yẹn, mo ti lọ to òótọ́ sílẹ̀ de ìbéèrè ẹ̀. Ó ní, "Á jẹ́ pé mi ò dè é nìyẹn. Ọpẹ́ ni pé ìwọ lo wọ awò." Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ mu omi. Mi ò padà.

Àáfà, ẹ̀yin náà bi mí. Ẹ ní ṣé ọmọ yín ṣe àlùwàlá kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ wàláà yẹn. Àwọn èèyàn ti ń jiyàn ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí pé irin ò lè ṣe àlùwàlá, pé ìyẹn ni Ọlọ́run fi bínú. Èmi tí mo bu omi fún un, mo ní mi ò kíyè sí i. Ọ̀rọ̀ mi lẹ fi gbé ìdájọ́ kalẹ̀ pé wàláà kankan ò gbọdọ̀ ti inú ẹ̀rọ jáde mọ́, ọwọ́ Hàkímù ni kí wọ́n ti máa gbà á. Ọmọ yín gbọ́ ọ láti orí àga wáàsí yín pé àìmọ́ òun ló gba ojú òun. Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan sípánà mọ́. Ó kó lọ sí Kirkissoye lódìkejì odò, ó ń ta káàdì fóònù nídìí afárá. Àǹtí Zuhrah ní kí wọ́n bá òun gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò lójú òun, èmi ni mo gbé e. Mo de bóòtù ẹ̀, ó dọ́gba wẹ́kú bó ṣe tò ó. Òun ni mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì, òun ni gbogbo Katako fi ń pè mí ní ingénieur, ẹnjiníà, òun lẹ fi fẹ́ wé láwàní fún mi. Ojú ẹnì kan ni mò ń jẹ láti ọjọ́ yìí. Mò ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú tíì.

Mi ò bá ṣì máa jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Rásàq kọjá odò wá láàárọ̀ òní. Ó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó yí ọrùn díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe báyìí kí ojú kan tó kù lè rí mi. Ó mú irin onígun ẹ̀ wá, èyí tó fi máa ń wo igun afárá bóyá ó dúró, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ó fi í lé mi lọ́wọ́. Ó ní inú òun dùn pé ẹ̀rọ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í gbàgbé bóòtù. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá ti mọ ohun tí màá fi dá a lóhùn.

Mo rí i pé Yàqúb ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé mò ń pìtàn tuntun. Mi ò dá a lẹ́bi. Ẹni tó ti fi ẹnu gbá erinmi létí, ta ni á gbà á gbọ́ tó bá sunkún? Ohun tí irọ́ fi gbẹ̀san lára mi nìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe mú nǹkan yìí dání. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ẹ gbọ́ eléyìí: tí wọ́n bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó dùn yín, kẹ́ ẹ lọ sùn, ilẹ̀ á mọ́. Ẹ má wá ẹni tó máa bá yín pín in. Àáfà, ọmọ yín mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Omi tó kù nínú kẹ́tù ẹ̀ ni mo fi dọ̀tí ara mi. Ẹ gbé ìdájọ́ yẹn kúrò lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí mi, ibẹ̀ ló ti yẹ kó wà. Àǹtí Zuhrah, ẹ̀rọ yín wà nínú ọmọlanke lẹ́nu ọ̀nà, mo ti tì í dé. Mi ò ní bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ dárí jì mí lónìí. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín tutù tàbí kó máà tutù.

Bọ̀dá Rásàq, ẹ na ọwọ́ yín. Bóòtù náà nìyí. Mi ò mọ ìdí tí mi ò fi lè jù ú sódò, mo gbìyànjú ẹ̀. Ẹ fi ìka yín wá orí ẹ̀. Ìdajì ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀, làálì ìyàwó yín ni, kò parẹ́. Ọwọ́ yín ló rántí dáadáa. Ẹ dè é lọ́jọ́ yẹn, Bọ̀dá. Ẹ dè é pinpin.